Ojú Ìwé àti Ìwà Ọmọlúàbí

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ènìyàn méjì bá ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe etí nìkan ni wọ́n fi ń gbọ́ ara wọn. Ojú ni wọ́n fi ń wo ojú, òun ni wọ́n sì fi ń mọ̀ bóyá eré ni ẹnìkejì ń ṣe tàbí òtítọ́ ni ó ń sọ. Nígbà tí ìwé dé ilẹ̀ wa, àwọn baba wa kò rin ìrìn àjò jìnnà kí wọ́n tó rí orúkọ fún ibi tí a kọ ọ̀rọ̀ sí. Ojú ìwé ni wọ́n pè é. Wọ́n fún un ní etí, wọ́n fún un ní ẹ̀yìn, wọ́n sì pe ìpín kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ ní orí. Báyìí ni wọ́n sọ ìwé di ẹni tí ń bá ni sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹni tí ó kọ ọ́ kò sí nítòsí, àní nígbà tí olúwarẹ̀ ti papò dà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyí. Lóde òní, ọmọdé lè jókòó ti fóònù ní Ìbàdàn kí ó sì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní London kí ó tó ṣẹ́jú péú. Bí ọ̀rọ̀ bá ti lè yára tó báyìí, kí ni ó kù tí a lè rí kọ́ lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé àtijọ́, àwọn tí ń to lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ń wọn etí ìwé, tí ń fi ìdajì ọjọ́ wá àmì kékeré kan tí ó sọnù? Ṣé ẹwà lásán ni wọ́n ń lé kiri ni? Àwọn kan rò bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, mo gbà pé títo ojú ìwé dáradára jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwà kí ó tó di ọ̀rọ̀ ẹwà. Ẹ̀ṣẹ̀ tí èmi fúnra mi dá ni ó kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ yìí, kò sì ní dára kí n máa kìlọ̀ fún yín láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ jẹ́wọ́ rẹ̀.

Ní nǹkan bí 30 ọdún sẹ́yìn, mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní abúlé àwọn àgbẹ̀. Nígbà tí ìdánwò ìparí ọdún kù sí dẹ̀dẹ̀, mo fi ọwọ́ kọ ìbéèrè èdè Yorùbá, mo sì fi gbogbo àmì tí ó yẹ sí i. Mo gbé e lọ fún akọ̀wé kan tí ó ní tàìpúráítà. Ẹ̀rọ náà kò ní lẹ́tà tí a fi àmì sí nísàlẹ̀, kò sì ní àmì ohùn. Akọ̀wé náà sọ fún mi pé, "Tíṣà, bí mo bá parí, ẹ ó fi bíró fi àwọn àmì náà sí i kí a tó ṣe ẹ̀dà rẹ̀." Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà dé ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó ti rẹ̀ mí, òjò sì ti ṣú. Mo wí nínú ọkàn mi pé àwọn ọmọ yóò mọ ohun tí mo ń wí, mo sì ní kí ó máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àkọlé àròkọ tí mo fún wọn ni "Oko Bàbá Mi". Ohun tí wọ́n rí lórí ìwé ìdánwò ni "OKO BABA MI". Òótọ́ ni pé oko kì í ní àmì lábẹ́, ṣùgbọ́n níbi tí kò ti sí àmì lábẹ́ ọ̀rọ̀ kankan, ta ni yóò mọ èyí tí ó yẹ kí ó wà láìní àmì? Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ọmọ náà kọ nípa iṣu àti àgbàdo, nítorí pé ọmọ àgbẹ̀ ni wọ́n. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tí bàbá rẹ̀ jẹ́ awakọ̀, tí kò ní oko kankan. Òun kọ nípa ọkọ̀ bàbá rẹ̀: bí ó ṣe máa ń fọn fèrè rẹ̀ ní kọ́nà kí ó tó wọ abúlé, tí àwọn ọmọdé yóò sì sáré jáde, bí bàbá náà ṣe máa ń nu ojú ọkọ̀ ní òwúrọ̀ kí ó tó bọ́ ojú ara rẹ̀. Àròkọ náà dùn. Mo kà á tán, mo sì fún un ní òdo nínú 20. Mo fi gègé pupa kọ ọ́ sí etí ìwé rẹ̀ pé kì í ṣe ohun tí a bi í nìyí.

Mo dá ìwé ìdánwò padà fún àwọn ọmọ, wọ́n sì mú un lọ sí ilé. Ní ọjọ́ kejì ọmọ náà wá bá mi, ó kúnlẹ̀, ó mú ìwé ìbéèrè lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí níhìn-ín pé oko ni, pé kì í ṣe ọkọ̀?" Mo gba ìwé náà, mo wò ó títí. Kò sí níbì kankan. Mo fún un ní máàkì tí ó tọ́ sí i, mo sì sọ níwájú gbogbo kíláàsì pé èmi ni mo jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti rí òdo náà. Ọmọ náà sọ fún mi pé ó bi òun léèrè bóyá ọkọ̀ òun kò tó ohun tí ọmọ ilé-ìwé lè kọ àròkọ lé lórí ni. Títí di òní olónìí, ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. N kò pa irọ́ fún ẹnikẹ́ni, n kò sì ní ibi lọ́kàn sí ọmọ náà. Àkókò tí ìbá gbà mí láti fi bíró sí àwọn àmì wọ̀nyẹn kò tó wákàtí kan. Mo kọ̀ láti lo wákàtí náà, ẹlòmíràn sì ni ó jìyà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń rí. Àìfarabalẹ̀ ẹni tí ń kọ̀wé kì í sábà pa òun fúnra rẹ̀ lára, nítorí pé òun ti mọ ohun tí ó ní lọ́kàn. Ẹni tí yóò kà á ni ó ń ru ẹrù náà.

Ìgbà náà ni mo rántí atẹ̀wé kan tí mo mọ̀ ní kékeré. Ní àkókò ìsinmi, wọ́n a máa rán mi lọ sí ìlú, ilé ìtẹ̀wé kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí mo máa ń dé sí. Lẹ́tà òjé ni wọ́n ń lò nígbà náà. Àpótí onígi tí a pín sí yàrá kéékèèké wà níwájú bàbá náà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì ní yàrá tirẹ̀. Yóò máa ṣà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò sì máa tò wọ́n sínú irin kékeré kan tí ó mú lọ́wọ́ òsì. Òdìkejì ni àwọn lẹ́tà náà kọjú sí, bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rí nínú dígí, kí wọ́n lè bọ́ sípò nígbà tí a bá tẹ̀ wọ́n sórí ìwé. Níbi tí ó bá ti fẹ́ kí àyè wà láàárín ọ̀rọ̀ méjì, òjé tí kò ní lẹ́tà lórí ni ó máa ń fi síbẹ̀. Èyí yà mí lẹ́nu púpọ̀. Àyè tí ó ṣófo lójú ìwé kì í ṣe òfo rárá. Ẹnìkan ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e síbẹ̀.

Lẹ́tà tí ó ní àmì nísàlẹ̀ kò pọ̀ lọ́wọ́ bàbá yìí. Bí ọ bá tán nínú yàrá rẹ̀, yóò dúró. Yóò tẹ ojú ìwé tí ó ti tò, yóò tú u, yóò kó àwọn lẹ́tà náà padà sí àyè wọn, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi o lásán dí àyè náà kí iṣẹ́ lè yá. Ó ní, "Ọmọ mi, bí mo bá fi o sí ipò ọ, irọ́ ni mo pa, n kò sì ní sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kà á." Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. N kò rẹ́rìn-ín mọ́ ní ọjọ́ tí ọmọ awakọ̀ kúnlẹ̀ níwájú mi.

Ọ̀nà tí bàbá yìí ń tọ̀ kì í ṣe ọ̀nà tuntun. Ní ìlú Mainz ní ilẹ̀ Jámánì, ní nǹkan bí ọdún 1455, Johannes Gutenberg tẹ Bíbélì kan ní èdè Látìn. Ìlà 42 ni ó wà lójú èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú àwọn ojú ìwé rẹ̀, ní òpó méjì tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, pẹ̀lú etí tí ó fẹ̀. Ẹ̀dà rẹ̀ tí ó ṣì wà láyé, ní odidi tàbí ní apá kan, lé ní 40. Ẹni tí ó bá gbọ́ Látìn lè ṣí i lónìí kí ó sì kà á láìwá iná mànàmáná, láìwá ẹ̀rọ kankan. Ní ọdún 1501, ní ìlú Venice ní Ítálì, Aldus Manutius bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìwé àwọn akéwì Látìn àtijọ́ ní ìwọ̀n kékeré tí ọwọ́ kan lè gbé. Kò fi ọ̀rọ̀ tuntun kún iṣẹ́ àwọn akéwì náà. Ìrísí ìwé ni ó yí padà, èyí sì jẹ́ kí ènìyàn lè mú ìwé rìn lọ sí ibi tí ó bá ń lọ.

Ní ilẹ̀ tiwa, Henry Townsend, òjíṣẹ́ ìjọ C.M.S., ni ó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1854. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá, 1859, Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde níbẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, Samuel Àjàyí Crowther ti gbé ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde ní 1843. Odidi Bíbélì Yorùbá sì jáde ní 1884. Ìṣòro kan ni gbogbo wọn bá pàdé: lẹ́tà Látìn kò tó fún ìró èdè wa. Ní 1875 a ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ ọ́, ní 1974 ni ìgbìmọ̀ ìjọba lórí ètò ẹ̀kọ́ sì fọwọ́ sí àkọtọ́ tí ẹ ń kọ́ ní ilé-ìwé lónìí. Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀. Abẹ́ lẹ́tà ni a fún ìró, òkè lẹ́tà ni a fún ohùn. Nínú ọkọ̀, àmì ìsàlẹ̀ ń sọ fún ẹnu bí yóò ṣe là, àmì òkè ń sọ fún ohùn pé kí ó wálẹ̀. Àwọn méjèèjì gbé inú ilé kan, ọ̀kan kò sì dí èkejì lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá fò wọ́n dá, ogún àwọn tí ó ṣe làálàá yìí ni ó ń dà nù.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín ń wí sínú. Wọ́n ń wí pé, "Bàbá, ayé ti kọjá ibi tí ẹ dúró sí. Lórí fóònù a lè sọ lẹ́tà di ńlá, a lè tún àṣìṣe ṣe lẹ́yìn tí a ti kọ ọ́, ẹ̀rọ sì lè ka ìwé sókè fún afọ́jú." Òtítọ́ ni, n kò sì ní jiyàn. Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Lórí fóònù ni mo ti ń sọ lẹ́tà wẹ́wẹ́ di ńlá kí n tó lè kà á, mo sì ń dúpẹ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìwé títẹ̀ àti ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, olúkúlùkù ní ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé ọmọ ìwé títẹ̀ ni ohun tí ẹ ń kà nínú ẹ̀rọ. Lẹ́tà tí a ń pè ní Times New Roman, tí ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà, ìwé ìròyìn The Times ní London ni a ṣe é fún ní 1932, kí ọ̀rọ̀ púpọ̀ lè gba inú àyè díẹ̀ láìni ojú lára. Èyí tí a ń pè ní Baskerville ń jẹ́ orúkọ John Baskerville, atẹ̀wé ìlú Birmingham ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Àwọn tí ó ya lẹ́tà wọ̀nyí ti kú, ṣùgbọ́n àníyàn wọn fún ojú òǹkàwé ṣì ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ náà kò sì tíì parí ní ti èdè wa. Nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà gbogbo ayé fi ń mọ lẹ́tà, ẹ, ọ àti ṣ ní àyè tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní àyè kan ṣoṣo. A ní láti kọ lẹ́tà ná kí a tó gbé àmì ohùn lé e lórí. Bí ẹni tí ó ya lẹ́tà náà kò bá fara balẹ̀, àmì a fò lọ bà lé orí aládùúgbò rẹ̀. Iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀ fún ọmọ Yorùbá tí ó bá fẹ́ ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a sì rántí pé ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ kì í fi gbogbo ìgbà pẹ́ bí a ti rò. Nígbà tí mo di ọ̀gá ilé-ìwé, mo tọ́jú àkọsílẹ̀ ọdún díẹ̀ sínú dísíkì pẹlẹbẹ tí ó lòde nígbà náà. Lónìí dísíkì náà ń bẹ nínú dúrọ́ọ̀ mi, ṣùgbọ́n n kò ní ẹ̀rọ tí yóò ṣí i. Ìwé ńlá tí ọ̀gá tí ó ṣáájú mi fi gègé kọ àkọsílẹ̀ tirẹ̀ sí ń bẹ pẹ̀lú, ẹnikẹ́ni sì lè kà á.

Nísinsìnyí, ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Àwọn àgbà ní ẹyin ni ohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni ń fọ́. Atẹ̀wé mọ èyí. Bí ó bá ti tẹ 1,000 ẹ̀dà, kò lè máa lọ láti ilé dé ilé láti tún wọn ṣe. Nítorí náà ni ó ṣe ń yẹ̀ wọ́n wò lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó tó tẹ̀ wọ́n. Ẹnìkan lè wá bèèrè pé, bí ó bá jẹ́ ìbẹ̀rù ni ó mú kí ó ṣọ́ra, ìyìn wo ni ó tọ́ sí i? Ìbéèrè rere ni. Èsì mi ni pé ẹni tí ó ṣọ́ra nítorí pé kò sí àtúnṣe mọ́, ọgbọ́n ni ó lò. Ẹni tí ó ṣọ́ra nígbà tí àtúnṣe ṣì wà, ìwà ni ó ní. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, kò sí ohun tí ó fi ipá mú yín láti fara balẹ̀. Bí ẹ bá fi àmì sí ọ̀rọ̀, bí ẹ bá tún un kà kí ẹ tó fi ránṣẹ́, nítorí ẹni tí yóò kà á nìkan ni. Èyí ga ju ìṣọ́ra atẹ̀wé lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì tan ara rẹ̀ jẹ nípa àtúnṣe. A lè tún ọ̀rọ̀ ṣe lójú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n a kò lè tún un ṣe lọ́kàn ẹni tí ó ti kà á. Èmi náà tún òdo yẹn ṣe. Bàbá ọmọ náà ti rí i.

Kí ni kí a wá ṣe? Ẹ kọ́ ẹ̀kọ́ lára ojú ìwé tí a tò dáradára, kí ẹ sì mú un lọ sí ibikíbi tí ẹ bá ti ń kọ̀wé, ìbáà jẹ́ lórí ìwé tàbí lórí ẹ̀rọ. Ẹ fi etí sílẹ̀ fún ìwé yín, nítorí pé ojú òǹkàwé nílò ibi tí yóò sinmi sí, bí àlejò ti nílò ojúde kí ó tó wọ ilé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìlà gùn jù, nítorí pé ojú tí ó rin ọ̀nà jìnnà a máa ṣìnà nígbà tí ó bá ń padà wá sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kejì. Ẹ má ṣe fi lẹ́tà ńlá kọ gbogbo ọ̀rọ̀; ẹni tí ń pariwo láti òwúrọ̀ dé alẹ́, kò sí ẹni tí yóò mọ ìgbà tí iná bá ń jó ilé rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ènìyàn bí ó ti yẹ, nítorí pé Ṣọlá kì í ṣe Sola, ilé ni a sì wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ fi àmì sí ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Kò sí ọmọ tí a tọ́ dáradára tí yóò jí ní òwúrọ̀ kí ó lọ kí àgbàlagbà láìbọ́jú. Ẹ bọ́ ojú ìwé yín pẹ̀lú kí ẹ tó rán an jáde. Ní ọjọ́ kan ẹnìkan yóò mú un lọ́wọ́, yóò fẹ́ mọ ohun tí ẹ ní lọ́kàn, ẹ kò sì ní sí níbẹ̀ láti sọ fún un pé oko ni, pé kì í ṣe ọkọ̀.